Ìwé Afẹ́fẹ́ Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Johannesburg kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Ọ́fíìsì wa wà ní Newtown, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níwájú mi, afẹ́fẹ́ ni mo sì ń wò lójú wọn látàárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ Johannesburg o. Afẹ́fẹ́ tí mò ń wò ń fẹ́ ní ẹ̀bá òkun, níbi tó jìnnà sí wa bí Èkó ṣe jìnnà sí Kano. Wọ́n ri òpó funfun gàgàrà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, apá mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń yí apá wọ̀nyẹn, iná mànàmáná ń jáde. Tèmi ni kí n sọ lónìí iye iná tí wọ́n máa mú jáde lọ́la. Bí mo bá sọ púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ kọ̀ tí kò fẹ́, wàhálà dé. Bí mo bá sọ díẹ̀ tó wá fẹ́ àfẹ́jù, wàhálà náà ni. Bàbá mi ní wòlíì ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láyé àtijọ́, wọn kì í sì í gba owó oṣù.

Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn; màmá mi máa ń ní mò ń jókòó bíi pé èèrà wà nídìí mi. Mo kàwé gboyè nípa iná mànàmáná, mo sì fi ọdún mẹ́fà gbáko tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìbàdàn, torí pé iná tí mo kàwé nípa rẹ̀ kò wá. Lọ́jọ́ kan mo nu epo kúrò lọ́wọ́, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò ní ìtàn ìrìn àjò kankan láti sọ: mo wọ bàálù, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Berea, níbi tí mo gba yàrá sí, ni pé wọ́n ń fi ètò mú iná lọ. Nílé, iná ń lọ bí olè. Níbí, àsìkò rẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo èèyàn: agogo méjì sí agogo mẹ́rin ààbọ̀. Agogo méjì lù, iná lọ. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ lù, iná dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, obìnrin tí a jọ ń gbé ilé sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá lórí fóònù, ó ní bí wọ́n bá ti lè sọ fún yín kí wọ́n tó mú un lọ, ìjọba gidi nìyẹn.

Ohun kejì ni ojú mi. Ojú mi jọ tiwọn. Nínú taxi, ní ìdí ọjà, níbi tí robot, iná tó ń darí ọkọ̀, bá ti dá wa dúró lójú títì, isiZulu ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bá la ẹnu ni ojú wọn máa yí padà. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìkà. Nígbà mìíràn ìjákulẹ̀ lásán ni, bí ẹni tó sáré kí ẹnì kan lọ́nà tó wá rí i pé òun ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, síbẹ̀ ohùn mi máa ń tú àṣírí mi kí n tó kí ènìyàn tán. Èèyàn á wá máa ronú pé ibo gan-an ni òun ti wá, ibo ni òun wà, àti pé àárín ibi méjèèjì ńkọ́.

Ìwé ẹ̀rí mi gba ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Láàárín ìgbà náà, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí àwọn akọrin ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò lẹ́yìn wa. Ní Sátidé, mo máa ń lọ kọ́ àwọn mìíràn ní àdúgbò Alexandra, nínú yàrá kan tí òtútù ń gba orí páànù rẹ̀ wọlé. Bàbá á béèrè bí iṣẹ́ iná ṣe ń lọ. Mo máa ní ó ń lọ dáadáa, a dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan tún wà tí àwọn kan ń rìn káàkiri ìgboro, tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ sílé wọn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ti ara wa mọ́lé, tí a ń fi búrẹ́dì gbéra. Bàbá gbọ́ lórí rédíò, ó pè mí. Mo ní kò sí nǹkankan ládùúgbò tiwa, a dúpẹ́. Òun náà ní a dúpẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá lọ nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bàbá mi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kọ́ mi pé a kì í gbé ẹrù lé orí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó wà nílé á ní a dúpẹ́, ẹni tó wà lájò á ní a dúpẹ́, fóònù á kú, oníkálukú á wá jókòó ti ẹrù tirẹ̀. Nígbà tí màmá mi ṣàìsàn, wọ́n ní ibà díẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà, wọ́n ti ń ra pósí. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí. Èmi nìkan ṣoṣo ni ọmọ tí wọ́n bí, mo sì búra lọ́jọ́ náà pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ lórí Bàbá. Mo máa ti wà nílé kó tó di pé ó nílò mi.

Nígbà tí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ máa dé, ó dé wẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi, Thandeka, obìnrin Zulu kan tí kì í pariwo, ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò sí nọ́mbà tó ń fara pamọ́ fún un. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, gbogbo àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní afẹ́fẹ́ máa jà lọ́jọ́ kejì. Mo wo àwòrán òfuurufú títí, mo ní kò ní fẹ́. Kò fẹ́. Thandeka gbé tíì wá sórí tábìlì mi, ó ní, "Shap, sisi," ìyẹn ni pé ó dáa, arábìnrin. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gboyè lọ.

Lọ́dún náà, wọ́n kó wa lọ wo àwọn òpó náà. Mo dúró sábẹ́ ọ̀kan, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí, ẹkún sì gbọ̀n mí. Mo pe Bàbá kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè irú epo tí wọ́n ń bù sí i, mo ní wọn kì í bu epo sí i. Ó béèrè bóyá wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ pamọ́ síbì kan ni tí òun ò fi gbọ́ ariwo rẹ̀, mo ní bó ṣe ń ró nìyẹn.

"Kò sí epo, kò sí ariwo," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi, gbé e wá sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ́fíìsì wa ní àwọn fẹ́ gbìyànjú ibùdó kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, ìwọ̀nba òpó díẹ̀ tó máa tan iná sí ìlú kan. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè mú ibi kan wá. Ẹni tí wọ́n bá mú ìlú rẹ̀ ni wọ́n máa rán lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kó lọ bójú tó o. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kò ju ìwé kan lọ: kí ẹnì kan fi ọwọ́ wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún ọdún kan. Bí ìwé náà bá dára, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n gidi lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo rí. Lórí òkè yẹn, afẹ́fẹ́ máa ń ṣí fìlà lórí wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo máa lọ sílé, iṣẹ́ mi á wà lọ́wọ́ mi, Bàbá á wà lójú mi. Kí ni mo tún ń wá?

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan, abọ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ máa ń yí, nọ́mbà á sì hàn lójú rẹ̀. Mo fi rán ará ìjọ wa kan tó ń lọ sílé. Bàbá kí ẹ̀rọ náà káàbọ̀ bí àlejò pàtàkì. Ó rì í mọ́ orí òkè, ó ra ìwé tuntun, ó fi rúlà fa ìlà sí i: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń gòkè pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, tó ń kọ nọ́mbà sílẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò tó ń se oúnjẹ fún un, á ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Nọ́mbà márùn-ún sókè la ń fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí mo rí ni ọ̀kan, òdo, méjì, òdo, ọ̀kan.

Mo pe Bàbá ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta. Mi ò mọ ìgbà tí mo mí kanlẹ̀. Mo ní bó bá ń lọ báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wá o. Bàbá ní, "Hẹn-ẹn." Ó béèrè bóyá mo ti jẹun, a sì dágbére.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́mbà di mẹ́fà. Ó di méje. Ó lọ sí márùn-ún, ó tún padà sí mẹ́fà. Mo jó nínú yàrá. Mo sọ fún ara mi pé àkókò ló yí padà, èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti mọ irọ́ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí òtítọ́ rẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ìwé ń kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé yàrá wo ni mo máa sùn nílé, pé ilé màmá mi nílò ọ̀dà tuntun. Ní gbogbo ìgbà yìí, bí mo bá fẹ́ pe Bàbá pẹ̀lú àwòrán, kì í gbà. Ó ní àgbàlagbà kì í ki ojú bọ gíláàsì kí ọmọ rẹ̀ máa wò ó.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a kó ìwé sílẹ̀, Thandeka ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wo tèmi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo láyé yìí ni afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi. Mi ò lóye. Ó fi ìka sórí ojú kọ̀ǹpútà.

"Eish, sisi. Wo ibí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òdo pọ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ yìí lọ, kò sí òdo kan ṣoṣo mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yìí?"

Ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ kejì ọjọ́ Ìsinmi tí mo mí kanlẹ̀ sétí bàbá mi. Atẹ́gùn fẹ́, mo rí fùrọ̀ adìyẹ. Ojú tì mí, torí pé ìfẹ́ ilé ló fọ́ mi lójú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ì bá ti rí i. Thandeka ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìwé mi ni, ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé, kí n ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn mi bá lè gbé.

Mo pe Bàbá lọ́jọ́ náà láìdúró de ọjọ́ Ìsinmi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń kọ yìí, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"A dúpẹ́."

"Bàbá, mi ò kí yín. Nọ́mbà ni mò ń béèrè."

"O ní bí kò bá tó, wọn ò ní jẹ́ kó o wá. Mo bá jẹ́ kó tó."

Mo jágbe mọ́ bàbá mi. Mi ò ṣe é rí láyé mi. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọmọ tó bá wo ìwé ẹnì kejì, ẹ̀yin lẹ wá jókòó tí ẹ ń kọ irọ́ sínú ìlà tí ẹ fi rúlà fà. Mo ní ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní pẹ̀lẹ́ pé lọ́sẹ̀ tí mo ní kò sí nǹkankan ládùúgbò wa, Ìyá Bọ́sẹ̀ ti fi fídíò òpópónà wa han òun lórí fóònù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà, òun kàn ní a dúpẹ́ ni. Mo pa fóònù láìdágbére.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mi ò lè jókòó. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ máa ń ṣe bí afẹ́fẹ́ ní Johannesburg, eruku pupa yẹ́ríyẹ́rí ń fẹ́ wá láti orí òkìtì ibi tí wọ́n ti wa góòlù láyé àtijọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Berea dé Newtown, tí mo fi ń rìn padà, eyín mi ń họ eruku. Èṣù ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà, mo sì ń gbọ́. Ta ló máa mọ̀? Bí wọ́n bá gba ìwé náà, wọ́n máa rán mi lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n gidi. Ó máa tó ọdún kan kí ẹ̀rọ náà tó sọ òtítọ́. Ọdún kan lọ́dọ̀ Bàbá. Mo lè ní afẹ́fẹ́ ló yí padà. Kì í ṣe ẹjọ́ mi bí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé ìlú kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti la ọ̀nà gun òkè, Bàbá ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń gbé iná tí kò ní epo bọ̀. Wọ́n ti rí òpó iná tí kò tanná lójú ayé wọn tó. Bí mo bá lọ ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀ fún wọn tí kò lè yí, ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n?

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní kò sí afẹ́fẹ́ nílùú wa. Mo ní ẹ má ka ìwé mi. Ìlú tí ará Kenya kan mú wá ni wọ́n mú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìpàdé, mo lọ bá Thandeka, mo ní mo fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ sílé. Ó wò mí, ó béèrè pé ṣebí mo ní kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí. Ó fọwọ́ sí i.

Ní Sátidé, kí oòrùn tó kanrí, mo pe Bàbá. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún ohùn tí mo gbé sókè. Ó ní ó ti tán. Mo ní mo ti sọ òtítọ́ fún wọn, ìlú mìíràn ni wọ́n mú. Ó mí, ó ní kò burú, ó ti parí nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n mo ń bọ̀, Bàbá. Mo ti gba ìsinmi."

"Kí lo ń bọ̀ wá ṣe? Afẹ́fẹ́ ò sí."

"Mo ń bọ̀ wá kí yín ni."



"Bó o bá dé," ni Bàbá wí, "ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà wọlé. Mi ò lè dìde wá ṣílẹ̀kùn iwájú fún ọ mọ́."

Mo ní láti ìgbà wo. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́, òsì wá tẹ̀ lé e. Ó ní kí n má bá Ìyá Bọ́sẹ̀ jà, òun lòún ní kó má sọ. Ó ní láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà mi wà ní ṣíṣí níwájú mi, mo sì ń wo àwọn fọ́tò ojú ìwé náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti òjò àkọ́rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, kò fo ọjọ́ kan.